Ìloro Ilé Ìyá Ọkọ Mi

Ọdún kejì tí mo délé ọkọ ni ẹrù náà dé. Ọkọ̀ òkun gbé e láti Abijan dé Kutọnu, ọkọ̀ ojú irin gbé e láti Kutọnu dé gáà, ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ìdáàṣà, ọkọ mi sì rù ú lórí láti gáà dé ìdí òkè níbi tí ilé wa wà. Àpò tí wọ́n fi ń kó kọfí ni wọ́n fi dì í, òórùn kọfí ṣì wà lára rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí ẹnikẹ́ni má tú u títí ọkọ mi yóò fi ka lẹ́tà tí wọ́n rán mọ́ ọn lára.

Àbúrò ọkọ mi ló fi ránṣẹ́. Ó ti tó ọdún méje tó ti ń dáná fún òyìnbó kan ní Abijan, èmi kò sì tíì fojú kàn án rí. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé òun ni ìyá wọn fẹ́ràn jù lọ. Kò sẹ́ni tó fi ìyẹn pamọ́ fún mi. Ọkọ mi gan-an máa ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín tó bá ń sọ ọ́.

Ọkọ mi lọ iléèwé àwọn fada fún ọdún mẹ́rin, nítorí náà ó lè ka Faransé, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ó jókòó lórí pèpéle, ó ń kà, ó ń túmọ̀ fún wa. Àbúrò rẹ̀ ní òun ń bọ̀ wálé tí ọyẹ́ bá dé. Ó ní òun ti rí ọmọbìnrin kan tí òun fẹ́ fi ṣaya, ọmọ olùkọ́ kan ní Savalou, àti pé bàbá ọmọ náà máa wá wo ilé wa kó tó dáhùn.

"Ní ilé ọ̀gá mi," bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́, "àlejò kò ní tíì jókòó tí yóò ti mọ̀ pé ilé èèyàn pàtàkì lòun dé. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń rí i. Àwòrán wà lára ògiri, àtùpà wà lọ́tùn-ún lósì, tapí wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe ìloro ilé wa bẹ́ẹ̀ kí n tó dé."

"Kí ni tapí?" ni ìyá ọkọ mi béèrè.

"Ẹní àwọn òyìnbó ni. Irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun ún."

A tú ẹrù náà. Tapí ọ̀hún pupa bí osùn, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè kún ara rẹ̀, ó sì gùn tó ọkùnrin méjì tó dùbúlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Àtùpà méjì wà láàárín rẹ̀, idẹ ni wọ́n, gíláàsì wọn tín-ín-rín débi pé ẹ̀rù bà mí láti dì wọ́n mú. Àwòrán kan tún wà tí wọ́n fi igi ṣe etí rẹ̀: ọkọ̀ ojú omi lórí òkun.

Ìyá ọkọ mi gbé àwòrán náà sún mọ́ ojú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ta ló mọ omi yìí ní ìdí òkè?" ló wí. "Ẹ gbé e lọ sínú yàrá. Ògiri ìloro mi kò ní gbé ọkọ̀ ojú omi. Èmi fúnra mi ni n óò ya ohun tó máa wà níbẹ̀."

Kò sí obìnrin tó ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe òun. Kì í ṣe èèyàn tó rọrùn o. Tí mo bá se ọbẹ̀, á tọ́ ọ wò, á ní, "Ìyá rẹ kò fi iyọ̀ hàn ọ́ rí." Tí mo bá gbálẹ̀, á tún un gbá. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ògiri, gbogbo ìsàlẹ̀ òkè mọ̀ ọ́n. Tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, àwọn onílé máa ń ránṣẹ́ pè é kó wá tún ìloro wọn ṣe kí ọyẹ́ tó dé. Kódà mo ti mọ ọwọ́ rẹ̀ kí n tó mọ òun fúnra rẹ̀, nítorí òun ló ya ejò erè tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá mi ní Akofodjoulè nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo máa ń bẹ̀rù láti gba ibẹ̀ kọjá tí mo bá dá wà.

Ìloro tiwọn jẹ́ bí yàrá gígùn tí kò ní ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ agbo ilé gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀. Koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, pèpéle amọ̀ wà lápá ọ̀tún àti òsì, òkúta àpáta kan sì wà ní ẹnu rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀wọlé, èyí tí bàbá bàbá ọkọ mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ẹsẹ̀ èèyàn ti fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú mi, ṣùgbọ́n èmi ni mo ru omi, èmi ni mo ha amọ̀ àtijọ́ kúrò lára ògiri, èmi ni mo fi ẹsẹ̀ po tuntun pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù. A se èèpo irúgbá títí omi rẹ̀ fi dúdú tó sì ki. Òun la fi ń pa ògiri kí òjò má bàa fọ̀ ọ́. Ìyá ọkọ mi a bu amọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri, a máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹkùn á yọ orí jáde, ọ̀gà á yọ ìrù, àdàbà kan á na ìyẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ẹfun, osùn àti èédú kun wọ́n. Àgbélébùú kan ló kọ́kọ́ fi sókè, torí a jẹ́ ọmọ Àgùdà, ó sì ní ẹkùn kò gbọ́dọ̀ ga ju àgbélébùú lọ.

Ọjọ́ kẹta ló ní kí n tan àtùpà àbúrò ọkọ mi méjèèjì. Oòrùn ń ràn níta.

"Ìyá, ọ̀sán ni o."

"Mo mọ̀ pé ọ̀sán ni. Ìloro yìí ṣókùnkùn."

Mo tàn wọ́n. Láti ọjọ́ náà, tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àtùpà á wà ní títàn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ọkọ mi dé láti oko, ó rí iná, ó bi mí ìdí tí a fi ń jó epo lọ́sàn-án. Mo ní ìyá ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó wo ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì kọjá lọ wẹ ọwọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Ó máa ń yí orí sọ́tùn-ún sósì kó tó gbé ẹsẹ̀, bí adìyẹ tó ń wá àṣá lójú ọ̀run. Ó ki ọwọ́ bọ èédú nígbà tó ní osùn lòun fẹ́. Igbá omi tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbá a dànù, ó ní mo fẹ́ pa òun. Mo rò pé ìkà ni, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe sí mi tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó ya ojú ẹkùn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkà. Ó fi owó ẹyọ kan ṣe ojú náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ amọ̀, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó, ó ní, "Ó dáa." Ojú náà kò sí ní orí ẹkùn. Ọrùn rẹ̀ ló wà.

Nígbà tó lọ sinmi, mo fi omi rin ibẹ̀, mo yọ owó ẹyọ náà, mo tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ, mo sì di ihò tó wà lọ́rùn. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ràn án lọ́wọ́ láìdójú tì í.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó jẹun, ó dé ìdí ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹkùn náà láti ìrù dé orí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ta ló fọwọ́ kan ẹkùn mi?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ojú rẹ̀ ló yẹ̀ díẹ̀."

"Ó yẹ̀ lọ síbo?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó igbá amọ̀ jọ.

"Mo ní ó yẹ̀ lọ síbo?"

"Ó bọ́ sí ọrùn, Ìyá."

Mo ti ń retí èébú. Kò bú mi. Ó wá pèpéle pẹ̀lú ọwọ́, ó jókòó, ó sì na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Ojúgun rẹ̀ ti di kàlákàlà funfun àti dúdú, bí ti ọ̀pọ̀ àgbà tó ti dáko létí odò Wẹmẹ. A ti mọ irú awọ bẹ́ẹ̀. A rò pé ọjọ́ ogbó ni.

"Ó ti tó ọdún méjì," ló wí. "Ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Mò ń rí iwájú, mi ò rí ẹ̀gbẹ́. O mọ igi ewé ìbẹ́pẹ tó ní ihò nínú, tí àwọn ọmọdé fi ń fun omi síra wọn? Ó dà bíi kéèyàn máa fi inú ihò yẹn wo ayé. Ihò náà sì ń kéré sí i."

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún ọmọ yín. Ó lè mú yín lọ sọ́dọ̀ àwọn màsẹ́ẹ̀rì ìjọ tó ń tọ́jú aláìsàn, kí wọ́n wò ó."

"Dákẹ́." Ó gbá ọwọ́ mi mú. "Bàbá ọmọ Savalou yẹn ń bọ̀ wá wo ilé yìí. Tó bá rí i pé afọ́jú ni ìyá ọkọ, á ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, kò ní fún wa lọ́mọ. Ìwọ tí o ti wọlé, o ti wọlé. Ti àbúrò ọkọ rẹ ni mò ń rò. Fi oyún inú rẹ búra fún mi pé o ò ní sọ fún ọmọ mi kankan. Tí ìyàwó bá ti délé, èmi fúnra mi ni n óò sọ."

Mo búra. Ọmọ ogún ọdún ni mí, oyún sì wà nínú mi; irú ìbúra bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo lè fi ṣeré.

Láti ọjọ́ yẹn, àwa méjèèjì la jọ ya ògiri náà. Tó bá ti ku àwa nìkan, èmi ni ojú, òun ni ọwọ́. Mo máa ń di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, màá darí rẹ̀ lọ síbi tó yẹ, màá sì jù ú sílẹ̀, ìka rẹ̀ á wá ṣe èyí tí ìka tèmi kò lè ṣe. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi háhá àgbàdo kun ẹfun, bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ ẹ̀tù fa ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń fi òkúta wẹ́wẹ́ ra amọ̀ kó tó gbẹ. Tí mo bá ṣe é dáadáa, kì í yìn mí, ṣùgbọ́n kì í tún un ṣe mọ́. Ìgbà kan ló fọwọ́ kan ikùn mi láìròtẹ́lẹ̀, ó ní, "Kí èyí yára o. Mo ṣì fẹ́ rí ojú rẹ̀."

Mo fẹ́ sọ fún ọkọ mi. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ sọ. Ọjọ́ kan tí a jọ ń wa iṣu ní oko etí odò, àwọn kòkòrò kéékèèké tó máa ń jẹni níbẹ̀ bò wá, ó ń họ ẹsẹ̀, mo sì la ẹnu. Ó gbójú sókè, ó ní, "Kí ni?" Mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí. Ó na akèrègbè sí mi.

Ọyẹ́ dé. Ògiri ti gbẹ. Mi ò tíì rí ìloro tó dára tó bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ẹkùn wà lápá ọ̀tún, ọ̀gà àti àdàbà lápá òsì, òkè Ìdáàṣà wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú àpáta dúdú tí a fi èédú yà. Ọkọ mi kan èèkàn igi mọ́ ògiri láti gbé àtùpà kọ́. Àwọn aládùúgbò ń wá wo tapí, wọ́n ń bọ́ bàtà, wọn kò sì mọ̀ bóyá kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n fò ó. Igun rẹ̀ kan ti ká sókè láti inú àpò tí wọ́n ká a sí, ó sì kọ̀, kò tẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n fi òkúta tẹ igun yìí."

"Òkúta lórí ohun tí ọmọ mi rà? Fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Ọjọ́ tí àbúrò ọkọ mi dé, ọkọ mi lọ pàdé rẹ̀ ní gáà. Mo wẹ ìyá ọkọ mi, mo wé gèlè fún un, mo mú un jókòó sórí pèpéle, mo tan àtùpà méjèèjì bó ṣe pàṣẹ. Mo ní kí n dúró tì í kí n di apá rẹ̀ mú tó bá fẹ́ dìde.

"Kí ọmọ mi bá mi bí ẹni tí wọ́n ń fà? Lọ síbi iná rẹ. Mo mọ ìloro mi."

Mo sún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mi ò lọ síbi iná. Mo dúró lápá inú agbo ilé, mo ń wò.

Àwọn mẹ́ta ló wọlé. Aláàárù tó ru àpótí ló ṣíwájú, àbúrò ọkọ mi tẹ̀ lé e, ọkùnrin gíga tó wọ bàtà aláwọ, ọkọ mi sì wà lẹ́yìn. Ìyá wọn gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó dìde ṣánṣán, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì lọ tààrà sọ́dọ̀ aláàárù.

"Ọmọ mi! O káàbọ̀, ọmọ mi! Ọdún méje!"

Ó ti gbá ọkùnrin náà mọ́ra. Aláàárù kò mọ ohun tó máa ṣe, àpótí wà lórí rẹ̀, ó dúró bí òpó. Àbúrò ọkọ mi wò ó. Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá, èmi rèé."

Ohùn náà wá láti ẹ̀gbẹ́. Mo rí ojú ìyá ọkọ mi bó ṣe yí padà. Kì í ṣe ìrora, ìtìjú ni. Ó yára yíjú sí i, ó gbé ẹsẹ̀ kíákíá kí ó lè bo àṣìṣe náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọ abẹ́ igun tapí tó ká sókè. Ó na ọwọ́ sí ògiri, àtùpà ló bá. Òun àti àtùpà jọ ṣubú, ìbàdí rẹ̀ bọ́ sórí òkúta àtẹ̀wọlé. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Epo tú sórí tapí, iná sọ, àbúrò ọkọ mi sì ń fi bàtà aláwọ rẹ̀ tẹ iná náà pa, ó ń pariwo orúkọ Jésù.

Ẹni tó ń to eegun wá láti ẹ̀yìn ọjà, Mùsùlùmí àgbàlagbà kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó tẹ ìbàdí náà, ìyá ọkọ mi ké. Ó ní eegun itan ti kán láti òkè, pé kí a má gbé e kọjá ibi tó wà, nítorí tí a bá gbé e, yóò burú sí i. Bó ṣe jẹ́ pé inú ìloro ló dùbúlẹ̀ sí nìyẹn, lórí tapí, gbogbo ìgbà ọyẹ́, láàárín ògiri méjèèjì tó yà. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọ agbo ilé, ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò ọkọ mi dúró láàárín agbo ilé. "Ta ló mọ̀ nípa ojú Ìyá?"

Ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

"Èmi ni," ni mo wí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ògiri."

"O mọ̀, o sì dẹ pàkúté sí i lẹ́sẹ̀?"

Ìyá wọn gbóhùn sókè láti inú ìloro. "Èmi ni mo mú un búra! Ẹ fi í sílẹ̀!" Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Oṣù kan gbáko ni ọkọ mi kò fi jẹ oúnjẹ tí mo sè. Mo máa ń gbé e síwájú rẹ̀, màá sì tún lọ gbé e. Kò lù mí, kò bú mi. Ó kàn ń jẹ iṣu sísun tó fúnra rẹ̀ sun.

Àbúrò ọkọ mi dá lọ sí Savalou. Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Bàbá ọmọ náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un lómi, ó sì ní ọmọ òun ṣì fẹ́ kàwé. Ó padà wá pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn. Kí oṣù náà tó parí, ó ní ìwé ọ̀gá òun ti dé, òun gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mo ru ẹrù rẹ̀ dé gáà, torí ọkọ mi wà lóko. Kí ó tó wọ ọkọ̀, ó ní, "Ìyàwó, mi ò bínú sí ọ mọ́. Mo fi ọdún méje ra nǹkan. Mi ò béèrè lẹ́ẹ̀kan rí bóyá ara Ìyá yá." Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ lẹ́yìn ìyẹn. A kò rí i mọ́.

Mo bímọ ní òpin ọyẹ́, ọmọbìnrin ni. Ìyá ọkọ mi ní kí n gbé e wá. Nígbà yẹn, ihò tó fi ń wo ayé ti dí pátápátá. Mo tẹ́ ọmọ náà sí àyà rẹ̀, ó sì fi ìka méjèèjì ra ojú rẹ̀ bó ṣe máa ń ra amọ̀: iwájú orí, ìpéǹpéjú, imú, àgbọ̀n.

"Imú ta nìyí?"

"Imú yín ni, Ìyá."

"Irọ́ lò ń pa. Imú bàbá rẹ ni, ó tẹ́ bíi ti wọn ní Akofodjoulè." Ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti ṣubú, mi ò tíì gbọ́ ọ kó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé ọmọ náà kúrò, kí òórùn òun má bàa kó sí i lára.

Òórùn náà wà lóòótọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti dégbò, bí mo ṣe ń yí i tó, bí mo ṣe ń fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ ẹ́ tó. Tapí náà ti gba ẹ̀jẹ̀ àti omi egbò. Àwọn tó ń bọ́ bàtà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gbà wọlé báyìí, wọ́n fọ́ ògiri kékeré kan kí wọ́n lè ráyè. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ. Òun náà gbọ́. Ó ní, "Wọ́n ti la ọ̀nà mìíràn."

Ó kú ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà òjò àkọ́rọ̀. Mò ń ro ẹ̀kọ lọ́wọ́. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo pè é, mo tún pè é, mo sì gbé ẹ̀kọ náà sílẹ̀. Ọkọ mi àti àwọn ìbátan rẹ̀ sun tapí náà lẹ́yìn oko.

Ó tó bí oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú kí ọkọ mi tó sọ ọ̀rọ̀ gidi fún mi. Oko etí odò la wà. Ó ń kọ ebè, ó dúró, ó fi ara ti ọkọ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí.

"Kí lẹ mọ̀?"

"Ojú Ìyá. Mo mọ̀ ṣáájú rẹ. Ọdún tí o kò tíì délé wa, mo bá a ní odò, ó ń da omi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó rò pé inú ìkòkò ló ń dà á sí. Mo fi ẹ̀yìn rìn kí ó má bàa gbọ́ mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ?"

"Tí mo bá sọ ọ́, á di òótọ́."

Mo ronú kan oṣù kan tó fi ń jẹ iṣu sísun. Mo ronú kan ojú tí àwọn ará ilé fi ń wò mí. Mo sọ ọmọ mi kalẹ̀ láti ẹ̀yìn, mo tún un pọ̀n kó le dáadáa, mo sì gba ọ̀nà Akofodjoulè láti inú oko yẹn láì mú ohunkóhun. Oṣù méjì ni mo lò nílé bàbá mi. Ìyá mi sunkún. Bàbá mi ní obìnrin tó ti bímọ kò ní ilé méjì. Ó sìn mí padà fúnra rẹ̀, ọkọ mi sì dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀. Èmi kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì kúnlẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, àwọn dókítà kan tó ń fi ọkọ̀ rìn láti ìlú dé ìlú dúró ní Ìdáàṣà. Wọ́n gé awọ tín-ín-rín lára ìbàdí àwọn àgbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó. Wọ́n ní àwọn kòkòrò kéékèèké etí odò ló ń gbin aràn sí wa lára, pé aràn náà ló ń jẹ ojú. Wọ́n ní ọkọ mi ní in, ojú òsì rẹ̀ sì ti ń lọ. Lójú ọ̀nà ilé, ó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo sọ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, fún olórí ẹbí wọn àti gbogbo ìbátan rẹ̀, pẹ̀lú ohùn òkè. Ọkọ mi jókòó níbẹ̀, ó gbọ́ ọ. Wọ́n bínú sí mi, ṣùgbọ́n wọ́n pe ara wọn jọ, wọ́n sì wá ilẹ̀ fún wa lójú ọ̀nà Paouignan, jìnnà sí odò. Ilẹ̀ olókùúta ni. Iṣu rẹ̀ kéré, ó sì máa ń wọ́ láàárín òkúta. Èyí tí a kò bá lè jẹ, mo máa ń sun ún tà fún àwọn èrò ọkọ̀ tó ń lọ sí àríwá. Ojú òsì ọkọ mi kú. Ti ọ̀tún kò kú, ó ń fi í ríran dé ìwọ̀n ebè mẹ́ta síwájú rẹ̀, ìyẹn náà la sì fi ń dáko.